Kí Gbèdéke Tó Sún

Ní ìlú Longton, bí ọ̀gá kan bá fẹ́ fi òṣìṣẹ́ ṣeré, Lorraine Tunnicliffe ni wọ́n máa ń sá tọ̀ lọ. Obìnrin kúkúrú kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń mọ àwo àti ife tíì, gbogbo ènìyàn ló sì gbà pé ohun tí Lorraine bá sọ nípa òfin, abẹ gé e.

Nígbà tí gáàsì gbówó lórí, Ọ̀gbẹ́ni Ashworth tó ni ilé-iṣẹ́ náà kó wọn jọ, ó ní òun fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

"Apá mi ò ká a mọ́," ló wí. "Ẹ lè lọ ní ìparí oṣù kẹta, tàbí kí ẹ dúró di àárín oṣù kẹrin kí ẹ parí àwo tó kù. Lorraine, ẹ bá ara yín sọ ọ́. Èyí tí ẹ bá mú, mo fara mọ́ ọn."

Lorraine mọ ohun tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì bí ẹní mowó. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá ti wọlé, ìjọba máa ń sún gbèdéke owó gbà-má-bínú sókè, ìyẹn owó ọ̀sẹ̀ tó ga jù tí wọ́n lè fi ṣírò owó ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó gbèdéke, kò kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń ṣọ́ ààrò tí wọ́n fi ń sun àwo lóru, owó tiwọn ga ju gbèdéke lọ. Bí wọ́n bá lọ kó tó sún, ti àtijọ́ ni wọn yóò fi ṣírò owó wọn, ohun tí wọn yóò gbà fún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún á sì dín kù.

Àmọ́ Lorraine ti ríṣẹ́ sí ilé ìdáná ọsibítù. Wọ́n ní kó wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, pé bí kò bá lè wá, àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá sì dá ṣáájú àwọn yòókù lọ, kò ní rí owó gbà-má-bínú tirẹ̀ gbà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti dìbò, Neville Bourne, àgbà nínú àwọn aṣọ́ ààrò, ló béèrè.

"Lorraine, ìyàtọ̀ wo ló wà nínú méjèèjì?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Kò sí ìyàtọ̀ tó ní láárí. Ẹ jẹ́ ká tètè jáde, ká rí iṣẹ́ kó tó di pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó kù tú àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn síta."

"Bí o bá ti wí bẹ́ẹ̀, ó parí," Neville wí. Ó nawọ́ sókè, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ní oṣù karùn-ún, Neville àti Pauline ìyàwó rẹ̀ wá kí Lorraine nílé. Pauline fi aṣọ we búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà óótì ṣe, ó ṣì gbóná.

"Bí kì í bá ṣe tìrẹ, Ashworth ìbá jẹ wá kan eegun," Pauline wí. "A ti fi owó náà tún òrùlé iwájú ṣe. Tẹ̀yìn ló kù. A da tapólì bò ó ná."

Lorraine dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n lọ, kò lè jẹ nínú ohun tí wọ́n gbé wá. Ojú ń tì í débi pé ó gbé e pamọ́, bí ẹni tó jalè. Ẹ̀yìn ilé àwọn Bourne sì ni bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ máa ń gbà kọjá. Ojoojúmọ́ ló ń rí tapólì náà tí atẹ́gùn ń gbé sókè. Nígbà tó yá, ó ń rin ọ̀nà tó jìn kó má bàa rí i.

Ọjọ́ Sunday kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, kò lè fara dà á mọ́. Ó lọ bá Neville nínú ọgbà níbi tó ti ń fi okùn so ẹ̀wà mọ́ igi, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fún un: gbèdéke, iṣẹ́ ọsibítù, ọ̀rọ̀ tó gbé mì.

Neville so ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"O mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo bi ọ́?"

"Mo mọ̀."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́."

"Neville, màá máa san án díẹ̀díẹ̀."

"Mi ò fẹ́ owó rẹ. Ṣé kí wọ́n wá máa ní mo ń gbowó lọ́wọ́ obìnrin tó ń fọ abọ́ ni?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Àwọn méjì yòókù ńkọ́? Má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọn yóò ti gbọ́. Ìwọ ni kó o lọ sọ ọ́."

Ó lọ. Ọ̀kan nínú wọn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èkejì, Graham Colclough, tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà kí ará àdúgbò lè gbọ́.

"O tà wá nítorí ìkòkò ọbẹ̀ ọsibítù, Lorraine. Ó kéré tán, Ashworth ò pe ara rẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́ wa."

Lorraine gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, Neville ń kí i bí wọ́n bá pàdé, ṣùgbọ́n kì í dúró. Pauline kì í kí i rárá. Síbẹ̀, àwọn tí kò tíì gbọ́ ṣì ń wá béèrè òfin lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kerry wá láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe táìsì tí a ń tẹ́ sílẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ lé àwọn.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ òfin iṣẹ́ jù," Kerry wí.

"Kí o tó gbà mí gbọ́," Lorraine dáhùn, "gbọ́ ohun tí mo fi ṣe àwọn tèmi."

Ó sọ ọ́ fún un lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú orúkọ Neville nínú rẹ̀, ojú sì tún tì í bíi ti ọjọ́ kìíní. Kerry wọlé, ó fa àga, ó jókòó.

"Ó dáa," ló wí. "Wàyí o, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi."