Ẹyẹ Tó Bojú Wẹ̀yìn

Láti ìgbà tí Bàbá Ìbejì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀rọ ìránṣọ ló kù tó ń wà. Wíwà náà ni kí á pè é, torí á dẹtí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, á kán òróró sí i, á sì máa kìlọ̀ fún un pé kó má sáré. Kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú ẹ̀rọ yìí. Téèyàn bá ti fi àwòrán sí i, á fi òwú yà á sára aṣọ.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, kò ka ẹ̀rọ náà sí. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ lòun fi ń ṣe ọnà àtijọ́, òwú dúdú lórí aṣọ funfun, irú èyí tí àwọn ará ìgbàanì máa ń ṣe sí ọrùn ẹ̀wù, tí iwájú àti ẹ̀yìn aṣọ á dọ́gba. Ó ti ṣe àpò ìrọ̀rí kan láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń wakọ̀, tí ẹyẹ wẹẹrẹ yí etí rẹ̀ ká. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èkejì ni ọwọ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kó o sínú àpótí, kò sì mẹ́nu kàn án mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkọ rẹ̀ gan-an. Ó pinnu pé òun á ṣe èkejì, kí méjèèjì lè jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ya fọ́tò ọnà náà sínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ló ti rí i pé gbogbo ẹyẹ ló kọjú sọ́tùn-ún, àfi ọ̀kan ní igun tó bojú wẹ̀yìn. Àṣé Ìyá Ìbejì náà máa ń ṣe àṣìṣe! Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò yẹ. Ó yí ẹyẹ náà padà, ó sì fi òwú dúdú sínú bóbìnì tó ń rán abẹ́ aṣọ, kí ẹ̀yìn aṣọ lè dọ́gba pẹ̀lú iwájú, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ rán an tán.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé, ẹ̀yìn aṣọ ló kọ́kọ́ yí wò.

“Ẹ ṣe é dáadáa,” ó ní. Ọkọ rẹ̀ ti ń tún kọ́là ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ṣe. “Ẹyẹ mi dà?”

“Èwo? Gbogbo wọn ló pé.”

“Èyí tó bojú wẹ̀yìn.”

“Àṣìṣe nìyẹn. Mo ti bá ọ tún un ṣe. Má wulẹ̀ dúpẹ́.”

“Àṣìṣe kẹ̀? Ìgbà tí ọkọ̀ yín bàjẹ́ lọ́nà, tí n kò gbúròó yín, ni mo ṣe é. Mo yí ojú rẹ̀ padà kó lè bá mi máa wo ẹnu ọ̀nà.”

Ojú ti Bàbá Ìbejì. Ó mú abẹ kékeré, ó tú ẹyẹ náà kúrò lára aṣọ, ó sì kọ̀ láti padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ní abẹ́rẹ́ ọwọ́ lòun máa lò. Ìyá Ìbejì jókòó tì í, ó ń fi ìka tó ń gbọ̀n júwe ọ̀nà fún un.

“Ibẹ̀ kọ́. Ẹ rọra, ọkọ̀ kọ́ lẹ ń wà.”

Ẹyẹ náà jáde bíi bàtà tí ajá ti jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, Bàbá Ìbejì fi ìrọ̀rí náà sí ìhà tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó rẹ̀ gbé èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún un, ó gba ti ọkọ rẹ̀, ó sì gbórí lé e.

“Èyí ló jọ yín,” ó ní.