Yàrá Kejì ní Ọwọ́ Òsì

Òwú pupa ló kọ́kọ́ tú àṣírí ojú Bùsírátù. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí obìnrin yìí ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti sípù fún àwọn aránṣọ ní Ìtòkú, débi pé Ìyá Onísípù ni gbogbo ọjà ń pè é. Mú àjákù aṣọ tí kò ju èékánná lọ tọ̀ ọ́ lọ, yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò na ọwọ́ sẹ́yìn láì yíjú, òwú tó bá a mu gẹ́lẹ́ ni yóò sì fà jáde. Ó máa ń fi ṣe fáàrí díẹ̀, a kò ní purọ́. Àfi ọjọ́ tí aránṣọ kan gbé òwú padà wá, tó ní pupa lòun béèrè, búráhùn ni Màmá gbé fún òun. Bùsírátù bá a jà dójú ẹ̀. Nígbà tí aránṣọ náà lọ tán, ó gbé òwú méjèèjì bọ́ sínú oòrùn, ó wò wọ́n títí, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Rodiat, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbarà, ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, pé oògùn tí òun máa kọ kàn lè mú kí ti ọ̀tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, èyí tó bá sì ti lọ kò ní padà mọ́. Ó lè tó ọdún kan, ó lè tó méjì. Bùsírátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sunkún. Inú ọkọ̀ ni wọ́n dé kó tó sọ fún Rodiat pé ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ fi ojú òun rí kó tó ṣú pátápátá, ohun náà sì ni sàréè ìyá òun.

Ẹnu ya Rodiat, nítorí àárín omi ni sàréè náà wà, ìyá rẹ̀ sì ti búra láti nǹkan bí ogójì ọdún pé òun kò ní fẹsẹ̀ kan omi yẹn.

Abà Láwàlì ni wọ́n ti bí Bùsírátù, lórí òkè kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Láwàlì ni orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ tó tẹ ibẹ̀ dó. Ìyàwó méjì ni bàbá rẹ̀ fẹ́: Màríámù ni ìyáálé, ìyá Bùsírátù sì ni ìyàwó. Nígbà tí ìjọba sé odò tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, omi gòkè wá bo oko, ó bo ọ̀nà, ó bo mọ́sáláásí. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí ibòmíràn. Orí òkè níbi tí ilé bàbá rẹ̀ wà nìkan ni omi kò dé, ó wá dá dúró láàárín adágún bí erékùṣù kékeré. Àwọn apẹja ń pè é ní Orí Òkè.

Ọdún kan ààbọ̀ kí omi tó dé ni ìyá rẹ̀ kú. Bùsírátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Rodiat ni, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹta ni ìròyìn tó dé Abẹ́òkúta, wọ́n ti sin òkú sínú yàrá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wọn. Bùsírátù gbé ẹ̀bi náà ka Màríámù lórí. Ó ní obìnrin náà ló mọ̀ọ́mọ̀ fi ìròyìn pamọ́ fún òun. Ó mọ̀ dáadáa pé mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn, ó mọ̀ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ abà lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ kò tu ọkàn rẹ̀ lára. Ó ní òun kò ní wọ ilé náà níwọ̀n ìgbà tí Màríámù bá wà níbẹ̀. Kò tó ọdún kan, Màríámù náà kú, wọ́n sì sin ín sínú yàrá tirẹ̀. Bùsírátù gbọ́, kò lọ. Ó ní òun máa lọ tí ọkàn òun bá balẹ̀. Omi kò dúró dè é. Bí ìbínú ṣe gba sàréè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà náà nìyẹn, kì í ṣe omi.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni apẹja kan tó ń jẹ́ Ṣéhù wá ra òwú tó fi ń tún àwọ̀n ṣe ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀, ó dárúkọ Orí Òkè, Bùsírátù sì jókòó lójijì sórí àpótí. Láti ọjọ́ náà ni Ṣéhù ti ń bá a ro sàréè ìyá rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Kò gba nǹkan kan ju òwú àwọ̀n lọ. Orí fóònù ni Bùsírátù ti júwe ibẹ̀ fún un: bí o bá ti wọ ẹnu ọ̀nà ilé, yàrá kejì ní ọwọ́ òsì. Bó bá ti ro ó tán, Ṣéhù á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù Rodiat. Bùsírátù á gbé fóònù náà mọ́ ojú, kò ní rí ju ewé tútù àti òkúta lọ, á sì wúre fún Ṣéhù títí ohùn rẹ̀ á fi há.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni wọ́n lọ. Kùrukùru ṣì wà lórí omi nígbà tí wọ́n dé etí adágún. Ṣéhù, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ti nu ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì ti tẹ́ ẹní sínú rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún un. Ó wò ó, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò bá ìborùn òun mu. Rodiat rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba ìyá òun.

Ẹ̀rù náà kò sì kéré. Bí ẹ́ńjìnnì ti dún ni Bùsírátù dijú, tó di etí ọkọ̀ mú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó mọ̀ nínú Kùránì, èyí tó mọ̀ tán àti èyí tí kò mọ̀ dé ìdajì. Ogójì ọdún ló fi ń bú omi yìí, ó wá di ẹni tó jókòó lé e lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, tí omi náà kò ṣe é ní nǹkan kan, ó ṣíjú. Ó béèrè lọ́wọ́ Ṣéhù bóyá omi ibẹ̀ jìn. Ṣéhù ní ó jìn gan-an. Bùsírátù ní oko àgbàdo bàbá òun ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, pé òun ti sùn lábẹ́ igi òrombó kan níbẹ̀ rí nígbà tó yẹ kí òun máa lé ẹyẹ. Ó ti ọwọ́ bọ omi. Omi náà tutù, ó sì dára lọ́wọ́ ju bó ṣe rò lọ.

Ṣéhù gbé ọkọ̀ yí erékùṣù náà po. Ó ní kò ṣeé gúnlẹ̀ níwájú, nítorí kùkùté igi pọ̀ lábẹ́ omi níbẹ̀, ó máa ń dá ọkọ̀ lu. Apá kejì tí iyanrìn wà ni gbogbo apẹja ń gbà. Wọ́n gúnlẹ̀, Rodiat di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí Bùsírátù fi rí àpáta pẹrẹsẹ kan, inú rẹ̀ dùn bí i ti ọmọdé. Ó ní àpáta tí àwọn ń sá láfún sí rèé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, ó ń sọ fún Rodiat bí àwọn ṣe máa ń fi òkúta lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó kàn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń sá láfún. Ẹ̀yìn ilé ni àpáta náà wà.

Ó tẹ̀ lé Ṣéhù. Ògiri ilé ti wó, ó ku ìpìlẹ̀ tí kò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì hàn láàárín yàrá mẹ́ta ní apá kan àti mẹ́ta ní apá kejì. Ṣéhù wọlé, ó na ọwọ́ sí òsì, sí yàrá kejì. Ó mọ́ tónítóní. Ó ti to òkúta wẹ́wẹ́ yí sàréè náà ká, ó gbin òdòdó funfun sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti gbá ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń retí kí Màmá rí i.

Rodiat ti ń tẹ́ ẹní nígbà tí Bùsírátù di apá rẹ̀ mú. Ó yíjú sí òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Igbó ẹlẹ́gùn-ún ló kún inú yàrá ibẹ̀ dé ẹnu, àjàrà ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ṣéhù, ẹ̀yìn lo gbà wọlé."

Ó rọra ṣàlàyé. Ní ayé àwọn, iwájú ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé, láti ojú ọ̀nà tó ti di omi. Ibi tí òun ń pè ní òsì nígbà tí òun ń júwe, ọ̀tún ni fún ẹni tó bá ti ẹ̀yìn wọlé. Yàrá méjèèjì kojú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló là wọ́n láàárín. Màríámù ló wà níbí. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń ro sàréè ìyáálé.

Ṣéhù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó gbá. Bùsírátù ní kó dìde, pé òun ni òun júwe ọ̀nà tí kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n inú bí i. Inú bí i gan-an, kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí. Gbogbo àdúrà òun, gbogbo òdòdó yìí, Màríámù ló gbà á. Ó sọ ọ́ síta pé obìnrin yìí ti gba ìsìnkú lọ́wọ́ òun, ó tún gba sàréè.

Ṣéhù mú àdá. Ó ní afẹ́fẹ́ máa ń le lórí omi tó bá ti ń lọ sí Àlásárì, ṣùgbọ́n àsìkò wà. Òun àti Rodiat wọ inú igbó náà, ẹ̀gún fa Rodiat láṣọ ya, kò sì ráhùn. Bùsírátù jókòó sórí ìpìlẹ̀ ògiri, ní ẹsẹ̀ sàréè Màríámù, nítorí kò sí ibòmíràn tó ṣeé jókòó sí.

Bó ṣe jókòó síbẹ̀ ni ohun kan wá sí i lọ́kàn tí kò rò láti ọjọ́ yìí wá. Màríámù kò bímọ. Ní ilé tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ pe gbogbo obìnrin, Màríámù ni àgbà ń pè é, Ìyáálé ni ọmọdé ń pè é. Bùsírátù kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí àlejò kan wọlé, tó bá Màríámù tó ń yan gààrí, tó sì kí i pé, "Ìyá Bùsírátù, ẹ kú iṣẹ́ o." Màríámù gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fẹ́ dáhùn. Bùsírátù ló yára gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Èmi kọ́ lọmọ ẹ̀." Màríámù tẹ orí ba, ó ń yan gààrí rẹ̀ lọ. Ojú ti Bùsírátù nísinsìnyí, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ojú tì í débi tó fi fi ìborùn bo ẹnu.

Nígbà tí wọ́n pè é, igbó ti mọ́ níwọ̀n ẹní kan. Òkúta méjì tí bàbá rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ ṣì wà, ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀. Bùsírátù kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó gbé ojú sún mọ́ ilẹ̀ títí tó fi rí èèrà tó ń gun òkúta náà. Ó wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló ka Fátíhà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé òun pẹ́, ó sì sun ẹkún tí kò sun ní ọ̀dọ̀ dókítà. Kò sí ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́.

Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣéhù, tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, béèrè bóyá kí òun jáwọ́ nínú èyí àkọ́kọ́ láti ọdún tó ń bọ̀. Bùsírátù ní kó máa ro méjèèjì. Ṣéhù tún dúró, ó ń fọwọ́ ra orí. Ó ní ọdọọdún tí òun bá ti ro ti àkọ́kọ́ yẹn tán, òun máa ń ṣe àdúrà níbẹ̀, pé Ìyá Bùsírátù ni òun máa ń pe ẹni tó sùn síbẹ̀ nínú àdúrà náà. Ó fẹ́ mọ orúkọ tó yẹ kí òun máa pè é báyìí.

Bùsírátù wo òdòdó funfun náà, ohun tó rí nínú rẹ̀ kò ju funfun lọ.

Ó ní, "Bí o ṣe ń pè é náà ni kó o máa pè é."