Ìyá Rùkáyàt Ṣe Ìdánwò Lójú Fèrèsé

Gbogbo Ikate ló mọ ọjọ́ tí Ìyá Rùkáyàt, ẹlẹ́ja yíyan, ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú yàrá wọn. Yunifásítì tí wọ́n ń kàwé rẹ̀ láti ilé ti kìlọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni fèrèsé Màmá wà. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí wọn, Màmá sì ń tẹ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń dáhùn. Wọ́n tiẹ̀ bi ẹnì kan léèrè ikọ́ ọmọ rẹ̀.

Yunifásítì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ló ń sọ ìdáhùn fún Màmá, pé àwọn yóò fagi lé ìdánwò náà. Gbogbo ìwé tí Màmá ti kà nídìí ààrò fẹ́ já sí asán. Ààrò náà nìdí tí wọ́n fi yan ẹ̀kọ́ àtilé: tí wọ́n bá lọ jókòó sí kíláàsì, ta ni yóò máa yí ẹja? Ìgbà kan èéfín bo kámẹ́rà, olùkọ́ fẹ́ pe panápaná. Màmá ní ẹja ṣawa ni, kó máa kọ́ àwọn lọ.

Rùkáyàt sáré wá láti ilé rẹ̀ ní Abraham Adésànyà, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà tọrọ àforíjì. Màmá kọ̀.

"Wọ́n kí mi, mo dáhùn," ni Màmá sọ fún ìgbìmọ̀ yunifásítì lórí kọ̀ǹpútà. "Kí ló burú ńbẹ̀?"

Alága fẹ́ ka òfin sí wọn létí ni Sànúsí oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá. "Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo yín."

"A dúpẹ́ o," ni alága dáhùn láti ọ́fíìsì rẹ̀. "Kú ìrìn o."

Ọjọ́ náà ni wọ́n dá èsì Màmá padà fún wọn.

Rùkáyàt wá béèrè ohun tí ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí ṣe gan-an.

"Látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi mọ́," ni Màmá wí. "Ìyá Rùkáyàt níbí, Ìyá Ẹlẹ́ja lọ́hùn-ún. Kíláàsì yẹn nìkan ni mo ti ń jẹ́ Sàdíátù."

Lọ́jọ́ ìgboyè, wọ́n pe Sàdíátù Odùbánjọ, Màmá kò dìde. Rùkáyàt fọwọ́ tọ́ wọn. Wọ́n ní kó fara balẹ̀, kí wọ́n tún un pè. Ìgbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, tí gbogbo gbọ̀ngàn bá wọn pariwo rẹ̀, ni Màmá tó gbéra, wọ́n rọra ń rìn bí ìyàwó tuntun.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Màmá fayé sílẹ̀. Nígbà tí Rùkáyàt bí ọmọbìnrin, ó sọ ọ́ ní Sàdíátù. Àwọn ẹbí ní kò dáa kó máa la orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé Ìyá ni kó máa pe ọmọ náà. Rùkáyàt kò gbà. Ó ń pe Sàdíátù káàkiri ilé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kódà nígbà tí kò fẹ́ rán an níṣẹ́ kankan.