Ṣùkúrátù Aládìrẹ, Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ru Bí Aró

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ní Ìtòkú, èmi Ògúnrìndé ni kó wá bá. N kò jókòó níwájú olùkọ́ kankan rí. Bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, mo kà á títí òróró ara rẹ̀ fi gbẹ, lónìí kò sí ọ̀rọ̀ tí dókítà lè sọ tí kò ní yé mi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni ìtàn Ṣùkúrátù tọ́ sí láti kọ. Ẹnu ọ̀nà mi dojú kọ ibi tó ti ń rẹ aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣojú mi, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo.

Obìnrin náà ga, ó dúdú, ó ń rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀. Láti ìka ọwọ́ dé ìgúnpá, aró ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá ń jẹ ẹ̀bà, ẹ ó rò pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń bá a bu òkèlè. Ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò sí ẹni tí etí rẹ̀ mọ aró tó tirẹ̀. Yóò dẹ etí sí ẹnu ìkòkò, yóò ní, "Ó kù díẹ̀," tàbí kó ní, "Ó ti ru." Nígbà tí aró bá ti gba ẹlú àti sódà, tó ń hó, tó gbé ìfófòó sórí, a ní aró ti ru nìyẹn. Inú aládìrẹ a dùn, nítorí èyí tó bá ru ló ń mú aṣọ. Èyí tí kò bá ru ti kú, ẹ̀yìnkùlé la ń dà á sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn, torí òun ló fẹ́ gbẹ̀mí obìnrin yìí.

Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tó lóyún náà. Ọmọ kan ló ní láyé, Saidat, tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Lẹ́yìn Saidat, ó bí ọkùnrin kan tí kò ké rárá. Wọ́n sin ín láì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oyún yìí jẹ́ fún un. Kamaldeen ọkọ rẹ̀, tó ń fi tírélà kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò lọ sókè Ọya, ti ra ibùsùn ọmọdé kí ikùn tó yọ.

Ó gba ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Ìbarà lọ fi orúkọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́níkẹ́, wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó fún un pọ̀, ó sì wo ojú ẹ̀rọ.

"Ìyá Saidat, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru o."

"Ó ń ru?"

"Ó ń ru gan-an. Ẹ máa lo oògùn yìí láràárọ̀."

"Ẹ ṣeun, àǹtí nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà ní rere."

Èrò ti tò dé ẹnu géètì. Nọ́ọ̀sì pe ẹni tó kàn.

Ẹ̀rín ni Ṣùkúrátù rín wọlé. Àlájà Àfúsá, ìyá ọkọ rẹ̀, tó ni àwọn ìkòkò aró náà, ń ká aṣọ lórí okùn.

"Ìyàwó, kí ni wọ́n wí?"

"Ìyá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru."

"Alihamudulilahi. Ti èyí tó kọjá yẹn ni kò ru. Mo mọ̀ pé kò ru." Ó nu ojú. "Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?"

"Oògùn ni. Ṣùgbọ́n aró tó ti ru, ṣé a tún ń da sódà sí i ni?"

"Kó lè jó aṣọ, àbí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, oògùn sì gba òkè àjà lọ. Ọjọ́ tí n kò sí nílé nìyẹn. Mo lọ bá àwọn ìjòyè kan parí ìjà tí wọ́n ti ń jà láti ìgbà bàbá bàbá wọn. Bí mo bá wà nílé ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dé ibi tó dé.

Kò pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú títí tó fi dà bí òpó ilé báńkì tó wà ní Òkè-Ìlewó. Ojú wú, òrùka kò ṣeé bọ́ mọ́. Àwọn obìnrin ìsọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìbejì lo kó sínú o, jẹ́ ká mú ọ̀kan." Orí ń fọ́ ọ, ó ń fi gèlè dì í le. Lọ́jọ́ kan, ó na aṣọ sórí tábìlì, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Saidat, ta ló ya ìràwọ̀ sára aṣọ yìí?"

"Mọ̀mí, aṣọ funfun ni."

Gbogbo irun ara mi ló dìde lórí àga tí mo wà. Mo ti kà á rí pé ojú a máa rí ohun tí kò sí.

Ọlọ́run tó dá wa ló ran nọ́ọ̀sì Mọ́níkẹ́ wá ra aṣọ ní Ìtòkú lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Saidat. Ẹ ò wá mọ́."

"Kí ni mo tún ń wá bọ̀, àǹtí? Ẹ̀jẹ̀ mi ṣì ń ru dáadáa. Mo ń gbọ́ ọ nínú etí mi, ó ń hó."

Aṣọ tí ọmọbìnrin náà mú dání bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tẹ ojúgun Ṣùkúrátù. Ibi tó tẹ̀ jìn wọnú, kò sì jáde padà.

"Oògùn tí mo fún yín ńkọ́?"

"Ó wà lókè àjà. Ẹ fẹ́ kí n da sódà sí èyí tó ti ru?"

Nọ́ọ̀sì wo Ṣùkúrátù, ó wo ìkòkò aró, ó tún wo Ṣùkúrátù. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé e. Kò pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, bí aró bá ru dé ẹnu ìkòkò, tó ṣì ń gòkè, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Hà, ìyẹn kò dáa. Mo máa yára bù ú sínú òmíràn ni. Bí n kò bá bù ú, á dànù, á bó mi lẹ́sẹ̀. Ìkòkò gan-an lè là."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ti kan ẹnu ìkòkò, Ìyá Saidat."

Àlájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọkọ rẹ̀ ná." Ó pe fóònù, kò lọ. Kamaldeen wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà. Ó tún un pè.

Ṣùkúrátù tẹjú mọ́ ìkòkò títí. Ó wá bu omi, ó fọ ọwọ́.

"Ìyá, ẹ máa pè é lọ. Bó bá gbé e, ẹ ní mo ti lọ bù ú."

Èmi ni mo dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Mo kàn na ọwọ́ ni, gbogbo kẹ̀kẹ́ Abẹ́òkúta dúró. Èyí tí a wọ̀, táyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá.

Wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí gìrì mú un, dókítà sì ń bi í ní ìbéèrè. Dókítà Bọ́lárìnwá lorúkọ obìnrin náà.

"Ọmọ tí kò ké yẹn, ẹsẹ̀ yín wú nígbà náà?"

"Ó wú. Orí fọ́ mi. Wọ́n ní ọ̀tá ló ṣe é."

"Ìyá tó bí yín ńkọ́?"

"Ìdí aró ló ṣubú sí. Ó ní orí ń fọ́ òun, kò tún sọ nǹkan mìíràn mọ́."

Dókítà rọra mi orí. "Kì í ṣe ọ̀tá. Ohun kan náà ló ń tẹ̀ lé yín bọ̀. Ọjọ́ orí yín sì tún kún un."

Ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe ń tú okùn lára àdìrẹ oníko? Ẹ ó kàn máa rí ìdì tó rún wómúwómú. Wọ́n á tú ọ̀kan, wọ́n á tú èkejì, wọ́n á na aṣọ, iṣẹ́ ọnà tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí á yọ sí yín lójú. Bẹ́ẹ̀ ni ayé obìnrin yìí ṣe ṣí sílẹ̀ lójú mi, tìyá tọmọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Oṣù ọmọ kò tíì pé, kò sì gùn ju odidi àgbàdo kan lọ. Ó pẹ́ kó tó ké, nígbà tó sì ké, bí òròmọdìẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kò tètè rọlẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo wa. Wọ́n ní kó gbé ọmọ náà sí àyà, ara mọ́ ara, kí wọ́n fi aṣọ di méjèèjì pọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọ yàrá yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí irú ẹni tí mo jẹ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo bá ìka aláró yẹn lẹ́yìn ọmọ, ọwọ́ kan bò ó tán pátápátá. Ó dẹ etí sí i, ojú rẹ̀ pa dé, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe nídìí ìkòkò.

Ummulkulthum ni áfáà sọ ọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ọmọ náà kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rárá. Ẹ wá wò ó lónìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ìyá rẹ̀ ń lo oògùn láràárọ̀ kó tó fọwọ́ kan aró. Bí aládìrẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ Mọ́níkẹ́, nọ́ọ̀sì náà kì í sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru mọ́. Ẹnu ìkòkò ló ń sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ tí mo wọ yàrá yẹn, mo fẹ́ dẹ́rìn-ín pa á. Mo ní, "Ṣé ó ń ru?"

Kò lajú. "Rárá, Bàbá. Ó ń lù kì, kì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Mo sì dákẹ́.