Omi Òkun Kì Í Ṣe Ti Ọmú

Kó, kó, kó. Ẹ̀yìn àjẹ̀ tí Ìyá Àgbà fi ń wa ọkọ̀ ló máa ń fi kan òpó ilé wa kó tó gòkè. Orí omi ni gbogbo ilé abúlé wa dúró sí, nítorí náà òpó ni àlejò ń kàn, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ìró náà ṣe dún, ìyá mi tó ń sunkún nínú yàrá dákẹ́ lójijì. Ó fi etí ìró nu ojú, ó ní kí n lọ fa Ìyá Àgbà lọ́wọ́ gòkè.

Ìyá Àgbà la máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò bí bàbá mi, kò bí ìyá mi. Aládùúgbò wa ni, ilé rẹ̀ ló sún mọ́ òkun jù. Ó kúrú, òórùn àdí àgbọn ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ rí. "Ọma" ló máa ń pe ọmọ. Bó bá ń gun àkàbà bọ̀, á máa bú orúnkún ara rẹ̀: "Ìwọ orúnkún yìí, o jẹun lánàá, o ò wá ní ṣiṣẹ́ lónìí?" Ẹ̀rín á pa mí, á sì na ọwọ́ kó gbá mi létí, ọwọ́ tí kì í bà mí.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni nígbà náà, orí ọmú ìyá mi sì ti là. Bí ọmọ bá ti gbé ẹnu sí i báyìí, ìyá mi á di etí ẹní mú, á fi eyín tẹ ètè, omijé á máa dà. Ọmọ kì í yó. Á mu díẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á figbe ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti tín-ín-rín bí igi ìdáná. Ìyá mi ti wá ń sọ pé òun máa já a lẹ́nu ọmú, kó máa mu ògì. Gbogbo wa la mọ ọmọ jòjòló tí wọ́n fi ògì tọ́ ní ìsàlẹ̀ abúlé. Ìgbẹ́ gbuuru ló mú un lọ.

Ní ọ̀dọ̀ wa, omi òkun ni oògùn egbò. Bí ìwọ̀ bá ya apẹja lọ́wọ́, á ki ọwọ́ bọ omi iyọ̀, á lọgun, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí bàbá mi ro nìyẹn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀, ó wà á kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó bu omi tó mọ́ gaara wá fún ìyàwó rẹ̀. Orí ara rẹ̀ wú u, ẹ ò rí i! Kí ọmọ tó mu ọmú, ìyá mi á fi omi náà fọ orí ọmú. Bó bá mu tán, á tún fi fọ̀ ọ́.

Ìyá Àgbà jókòó, ó wo ọmú náà, ó wo kẹ́ẹ̀gì.

"Kí leléyìí?"

"Omi òkun ni, Ìyá Àgbà. Bàbá àwọn ọmọ ló bù ú wá."

"Yéè! Ṣé ẹ fẹ́ yan án ni? Ẹja la ń fi iyọ̀ sí ká tó gbé e ka ààrò!"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ìyá Àgbà fà á mọ́ra.

"Ọkọ rẹ fẹ́ràn rẹ, ọma mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ apẹja lomi òkun wà fún, kì í ṣe ti ọmú. Ó ti fa awọ ara rẹ gbẹ. Ọma sì ń tọ́ iyọ̀ wò, ìyẹn ló ṣe ń fẹnu sá."

Bàbá mi ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́. Ó dìde, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó da omi òkun rẹ̀ sínú omi tó wà lábẹ́ ilé.

Ìyá Àgbà ní kí ìyá mi fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ká ìró méjì sí i lábẹ́ apá, ó yí ọmọ títí ikùn rẹ̀ fi kan ikùn ìyá rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe, ni Ìyá Àgbà bá gbá a lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́.

"Rárá o. Ọma ló ń wá bá ọmú. Fi orí ọmú kàn án ní ètè, kó o sì dúró dè é."

Ọmọ la ẹnu díẹ̀.

"Kò tíì tó. Ẹja tó bá fi ètè lásán mú ìdẹ, ṣe ló ń já a jẹ. Dúró dè é."

A dúró. Mo ń gbọ́ omi tó ń lu òpó nísàlẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Igbókòdá lókèèrè. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó ya ẹnu gbàgà bí ẹni tó fẹ́ yán, ni Ìyá Àgbà bá fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ kíá. Kì í ṣe orí ọmú nìkan ló wọlé. Ibi tó dúdú yí i ká fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Ìyá mi di ojú pinpin, ó ń retí oró. Oró náà dé, ó sì rọlẹ̀. Mo wá ń gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń gbé e mì.

"Ìyá Àgbà, kò dùn mí bíi ti àná!"

"Dákẹ́, jẹ́ kó jẹun."

Nígbà tí ọmọ mu tán, Ìyá Àgbà ní kí ìyá mi fún omi ọmú díẹ̀, kó fi pa orí ọmú, kó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Oògùn tó fún un kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọmú ẹ̀gbẹ́ òsì gbóná, ó pọ́n, òtútù sì ń mú ìyá mi nínú oòrùn. Ìyá Àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èyí kọjá tèmi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbókòdá." Kò jẹ́ kí wọ́n dá lọ. Ó gbé ọmọ sórí itan nínú ọkọ̀, ó ń bú ẹ́ńjìnnì, ó ń bú orúnkún. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ìyá mi fún un lóògùn, ó ní kó má já ọmọ lẹ́nu ọmú, kódà èyí tó ń gbóná. Ìyá Àgbà mú kí nọ́ọ̀sì tún un sọ, kó lè yé òun náà dáadáa. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ló ń wá wò wá, kó, kó, kó, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi fi kún.

Kò pẹ́ sígbà náà, òkun gba apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá kó o lọ sí orí ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ilé ìwé ni mo wà. Mi ò bá wọn sin ín.

Lọ́dún yìí, mo bímọ ní Àkúrẹ́. Mo jẹ oró orí ọmú títí, kí nọ́ọ̀sì kan tó jókòó tì mí tó bá mi tún ọmọ gbé. Bó ṣe ní kí n ní sùúrù kí ọmọ ya ẹnu, ẹkún gbọ̀n mí. Ó rò pé ó ṣì ń dùn mí ni. Àárò Ìyá Àgbà ló ń sọ mí. Agogo iná ni àlejò ń tẹ̀ nílé tí mò ń gbé, ṣùgbọ́n òpó ni mo fẹ́ kí ẹnì kan kàn fún mi.

Nígbà tí mo ń gbé ọmọ lọ han àwọn òbí mi, àbúrò mi ló wá fi ọkọ̀ gbé wa ní Igbókòdá. Ọkùnrin gìrìwò ni, ọkọ̀ èrò ló ń wà. Bá a ṣe dé apá ibi tí omi ti gbà, mo rí òpó kan ṣoṣo tó ṣì dúró nínú ti ilé Ìyá Àgbà. Mo ní kó dẹ ẹ́ńjìnnì.

"Kí lo rí níbẹ̀?" ló bi mí. "Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìkókó ni nígbà yẹn, báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n?

"Ẹni tí kò jẹ́ kí ebi pa ọ́ kú ni."

Mo ní kó fún mi ní àjẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó na àjẹ̀ sí mi. Ìyá Àgbà ló máa ń wá kan òpó tiwa; mi ò kan tirẹ̀ rí. Mo fi ẹ̀yìn àjẹ̀ kàn án: kó, kó, kó. Ọmọ mi jí láyà mi, ó ń wá ọmú kiri. Mo fi orí ọmú kàn án ní ètè, mo sì dúró dè é.