Ta Ni Yóò Fọ Ẹ̀yìn Sífáwù?

Ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí yunifásítì ló háyà yàrá iwájú nílé mi. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ra ọṣẹ dúdú kan bọ̀. Wọ́n rọ ọ́ sínú ike, wọ́n ya òdòdó sí i lára, wọ́n sì fi òórùn ọsàn sí i. Bó ṣe ṣí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọsàn ló kọ́kọ́ rùn jáde, àfìgbà tí òórùn tí mo mọ̀ yọ láti abẹ́ rẹ̀, òórùn eérú èèpo kòkó àti àdín. Mo di ògiri mú.

"Mọ̀mí, ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa fún un, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ rẹ̀ fún yín.

Àdúgbò Mọ́ọ̀rè ni agboolé wa wà. Odò kékeré kan ń ṣàn nísàlẹ̀ ilé nígbà náà, wọ́n ti kọ́lé lé e lórí báyìí. Kò sí balùwẹ̀ tí èèyàn ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra. Àwọn ọkùnrin ń wẹ̀ lókè odò, àwa obìnrin ń wẹ̀ nísàlẹ̀ níbi òkúta pẹrẹsẹ kan. Adétoún elékuru kì í pẹ́ débẹ̀. Wúràọlá aláró náà a máa wá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá, kò sì sí ọṣẹ tó lè bó o. Fọlákẹ́ sì wà níbẹ̀, tó máa ń sunkún bí ọṣẹ bá kó sí i lójú, bẹ́ẹ̀ ó ti bímọ méjì. Inú èèpo igbá la ń bu ọṣẹ sí. Kànrìnkàn ayé ìgbà náà kò mọ̀yàtọ̀ láàárín ọmọ èèyàn àti ìdí ìkòkò. Bí a bá wẹ̀ tán, a ó fi àdín para, abiyamọ á fi osùn kún tirẹ̀, gbogbo wa á sì máa dán gòkè lọ sílé bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo.

Bí ọyẹ́ bá dé, àwa ọmọdé a máa yẹ ìwẹ̀ sílẹ̀. A ó fi omi kan ojú àti ẹsẹ̀, a ó fi àdín bo ìyókù. Ìyá àgbà mi, Adéòtí, kì í jà. Wọ́n á kàn ní ká yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á ti ìka wọn bọ omi, wọ́n á fà á láti ọrùn dé ìdí. Bí ìka náà bá dúdú, tẹkúntẹkún la ó fi padà sódò. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ní ẹni tó ń bá a fọ ẹ̀yìn.

"Ẹni tó bá ń fọ ẹ̀yìn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀," ni Ìyá àgbà máa ń wí, "kò lẹ́nìkan láyé."

Sífáwù ni tèmi. Ọmọ ilé Mùsùlùmí tó kángun sí tiwa ni. A ti ń fọ ẹ̀yìn ara wa kí á tó mọ oókan kà.

Ìyá àgbà ti dàgbà gan-an nígbà náà. Orúnkún wọn a máa dún bí igi gbígbẹ. Síbẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀ lódò, tí wọ́n sì ń ru omi bọ̀ wálé. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ ká máa pọn omi ìwẹ̀ wá bá wọn. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀.

"Àjàyí, ọjọ́ tí omi bá ti ń wá bá mi nílé, pósí ló kù tí yóò máa bọ̀."

Ìgbà tí wọ́n máa lọ, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi dùbúlẹ̀. Èmi àti Sífáwù yọjú níbi ihò ògiri nígbà tí àwọn obìnrin ilé ń wẹ̀ wọ́n. Ohun tí a rí kò bà wá lẹ́rù nígbà náà. Ìgbà tí mo darúgbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Adétoún gbé wọn jókòó, ó ń fọ ẹ̀yìn wọn, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá alààyè sọ̀rọ̀: "Ẹ rọra, Ìyá. Ó ku díẹ̀." Bí ó ti ń fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni orí wọn ń mì lọ mì bọ̀, àfi bí ẹni tó ń dáhùn.

Sífáwù fi ẹnu kàn mí létí. "Èyí tó bá kọ́kọ́ lọ nínú wa, kí èkejì fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹlòmíì fọ tèmi o."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í mọ ohun tó ń gbà sọ́rùn.

Nígbà tí a dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Ìrẹ̀mọ, èmi náà lọ sí tèmi. Balùwẹ̀ onípáànù dé, omi ẹ̀rọ dé, ṣáwà tó ń rọ̀ lórí ẹni bí òjò dé. Olúkúlùkù wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọkọ wa kú tán la tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, òun á fẹsẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ mi. Ọjọ́bọ̀, èmi á gba Ẹnuwá kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kànrìnkàn á wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Bí àwọn ọlọ́kadà bá ń pe Sífáwù pé, "Ìyá, ẹ gùn ún ká lọ," á ní ẹsẹ̀ òun kò tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà kan tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, tó rí i pé ó dára, bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Mo ní ẹ̀yìn Sífáwù ni. Ó rò pé orí mi ti ń dàrú.

"Ẹ̀yìn rẹ yìí," Sífáwù á wí, "gbágungbàgun bí ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n."

"Tìrẹ ńkọ́, tí mò ń ka egungun rẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà?"

A ó rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ á fi gbẹ mọ́ wa lára.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìgbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ti gbé àpótí síta, mo ń retí rẹ̀. Fóònù ló dún. Múnírá ọmọ rẹ̀ ni. "Mọ̀mí, Màmá ti lọ. Wọ́n kírun Àsùbá tán ni, wọn ò dìde mọ́. Kí wọ́n tó kírun Àílà ọ̀sán la máa sin wọ́n."

N kò gun ọ̀kadà. Mo mú ọ̀rá kànrìnkàn mi, mo rìn.

Wọ́n ti ta aṣọ yí ẹ̀yìnkùlé ká nígbà tí mo débẹ̀. Àlájà Kúbúrá, tó máa ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wọn, jáde wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Àwa tí a jọ ń kírun la máa ń wẹ̀ wọ́n. A kì í sì í fi kànrìnkàn ha òkú. Jẹ́jẹ́ ni."

"Ìlérí ni, Àlájà. A ti ṣe é kí wọ́n tó bí ọ."

"Mo gbọ́, Màmá. N kò lè ṣe é ni."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn, nítorí ǹ bá bú òun náà padà. Mo jókòó sétí kànga, ìlérí àtàárọ̀ ayé mi wà nínú ọ̀rá lórí itan mi.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí wọ́n pariwo pé omi tán. Kò sí iná, ẹ̀rọ kò lè fa omi. Kànga ló kù. Ọmọ-ọmọ Sífáwù méjì di okùn mú. Ọmọ ayé ṣáwà ni wọ́n. Korobá kò dé àárín tí okùn fi bó wọn lọ́wọ́. Mo dìde, mo so ìró mi le.

"Ẹ yàgò."

"Ẹ̀yin kọ́, Mọ̀mí! Ẹ̀yìn yín á ro yín!"

"Ẹ yàgò, mo wí."

Mo fa ti àkọ́kọ́, mo fa èkejì. Apá mi kò kọ̀ mí. Àwọn ọmọ ń gbé e wọ inú aṣọ lọ. N kò rí nǹkan kan, omi nìkan ni mò ń gbọ́ tó ń dà. Nígbà tó ṣe, Àlájà Kúbúrá sọ̀rọ̀ láti inú aṣọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Màmá, a ti yí wọn sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn ló kàn báyìí."

Mo fa korobá yẹn. N kò lè sọ bó ṣe wúwo tó fún yín. Mo ń fà á, ẹnu mi ń sọ ọ́ láìmọ̀: "Rọra, Sífáwù. Ó ku díẹ̀."

Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí mọ́ jù wá lọ, n kò ní jiyàn. Omi gbígbóná ń bá yín nínú ilé, ọṣẹ yín ń rùn bí èso. Ṣùgbọ́n bí n bá bi yín pé ta ló mọ ẹ̀yìn yín, ẹ ó máa wo ara yín lójú. Èmi ṣì ń rìn. Àwọn ọmọ mi ní kí n sinmi, mo ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ́ràn, apá mi ń gbọ́ràn, ọkàn mi ni kò gbọ́.

Nítorí pé bí mo bá wẹ̀ láàárọ̀, ibì kan wà láàárín ẹ̀yìn mi tí ọwọ́ mi kò dé. Ibẹ̀ máa ń tutù lójijì kí n tó bu omi rárá, bí ìgbà tí ọwọ́ tútù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó wá dúró. Mo mọ̀ pé Sífáwù wà lẹ́yìn mi. Ó kàn dúró. Ohun tó ń dúró gbọ́ ni kò yé mi: ṣé ó gba omi náà gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ mi, àbí gbèsè ṣì wà lọ́rùn mi? N kì í wo ẹ̀yìn. Mo máa ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró, kí n lè rí omi dà sára:

"Sífáwù, wọn ò jẹ́ kí n wọlé ni. Èmi ni mo fa omi yẹn o."