Ohun Tí Ó Ń Tẹ Orúnkún Dárà

Ohun tí Wàsílátù bá rí lára ẹni tó ń rìn kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá wọ ọkọ̀ láti Karu lọ sí Jabi ní Àbújá, ẹsẹ̀ àwọn èrò ló máa ń wò: ta ló ń gbé èjìká kan sókè, ta ló ń fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀ bí ẹni ń gún iyán. Ọmọ Kábà ni, olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Karu. Kò gbà pé ara ń ṣàṣìṣe lásán. Ìdí wà níbẹ̀, ká wá a kàn ló kù.

Ní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ Dárà dà á láàmú. Olúwadárasími ni orúkọ ọmọ náà ní kíkún, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Kò sí ọmọbìnrin tó ń fò jìnnà sínú iyanrìn tó o ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó tẹ pákó tí wọ́n ti ń fò, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀, orí rẹ̀ á wolẹ̀, gbogbo eré tó sá bọ̀ á sì ṣòfò. Ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò yan àwọn tí yóò ṣojú Àbújá. Bí ó bá fò báyìí, ilé ni yóò jókòó sí.

Wàsílátù pààrọ̀ bàtà ọmọ náà, kò yí nǹkan kan padà. Ó sún ibi tó ti ń sáré sẹ́yìn, orúnkún ṣì ń tẹ̀. Ó bi í bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ní rárá. Táyọ̀, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní bóyá ọmọ náà ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù ni. Wàsílátù kò rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí òkúta kí ó máa ya fídíò, ó ní kí Dárà máa fò lọ, òun fẹ́ lọ kírun. Nígbà tó dé, ó wo fídíò náà, ó tún un wò. Orúnkún kò tẹ̀ rárá.

Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́? Ó yẹ pákó wò, ó yẹ iyanrìn wò. Ìgbà tó padà dúró sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, tí Dárà sáré bọ̀, tí orúnkún tún tẹ̀, ló tó yé e.

"Dárà, ta ló kọ́ ọ pé kí o máa bẹ̀rẹ̀ bí o bá ń kọjá níwájú àgbà?"

"Dádì ni, mà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é."

Táyọ̀ ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí Wàsílátù ṣáà kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni adájọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀bá pákó náà ni wọn yóò sì jókòó sí. Ta ni yóò lé wọn? Ó ní kí Dárà ṣe bí ẹni tí kò rí òun. Kò ṣeé ṣe. Ó ní kí ó wo òkè. Ọmọ náà fẹsẹ̀ kọ. Wàsílátù jókòó, ó rò ó títí. Bó bá jẹ́ pé kíkí ni ara yìí ń wá, tó bá kọ́kọ́ kí àgbà tán ná ńkọ́?

"Wá kúnlẹ̀ kí mi," ló wí. "Kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà kí o lọ sáré."

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí i, ó padà lọ, ó sáré bọ̀. Orúnkún dúró ṣinṣin.

Nígbà tó di Sátidé, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, Dárà kọ́kọ́ lọ bá àwọn adájọ́ lábẹ́ agboòrùn wọn, ó kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń ráhùn pé àsìkò ń lọ. Bàbá Háúsá tó di téèpù ìwọ̀n mú rẹ́rìn-ín, ó fi èdè rẹ̀ jẹ́ ìkíni náà, "Yauwa, sannu."

Ọmọ náà gbéra. Wàsílátù kò wo ibi tí yóò balẹ̀ sí, orúnkún ló ń wò. Ó kọjá níwájú àwọn àgbà náà lóòró gangan, bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìkíni mọ́. Ìgbà tí Wàsílátù fi gbójú sókè, Bàbá ti ń fa téèpù lọ, ó ti kọjá ibi tí ẹni tó ń ṣíwájú balẹ̀ sí, ó ṣì ń lọ.